Ọ̀rọ̀ 'Riot' àti Orúkọ tí Ará Ìlú Fún Ìjà Wọn: Àgbéyẹ̀wò Ìtumọ̀ àti Ìlò

Nígbàkúùgbà tí òǹkọ̀wé tàbí akọ̀ròyìn bá fẹ́ sọ ní èdè Yorùbá nípa ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní 'riot', ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni rògbòdìyàn. Bí ó bá jẹ́ 'rebellion' ni, ọ̀tẹ̀ ni yóò pè é. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dúró bi ara rẹ̀ bóyá ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ nínú èdè tí ó ti wá ni ó tún ń sọ nínú èdè tí ó wọ̀. Ọ̀ràn yìí kì í sì í ṣe ti olùtumọ̀ nìkan. Púpọ̀ nínú ìtàn bí àwọn mẹ̀kúnnù ṣe kojú aláṣẹ ní ilẹ̀ yìí, inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ wà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń padà bọ̀ sínú Yorùbá. Orúkọ tí ó bá bá a padà wá ni ọmọ ilé-ìwé yóò fi mọ ohun tí baba ńlá rẹ̀ ṣe, yálà ó jà ni o, tàbí ó kàn da ìlú rú.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Òyìnbó náà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wá síbi àyẹ̀wò. Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni ó ti wá, níbi tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ti ju asọ̀ tàbí àríyànjiyàn lọ. Nígbà tí ó fi dé ọwọ́ àwọn amòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye orí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ̀n ọ́n. Òfin tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní 1714 sọ pé bí ènìyàn 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kóra jọ lọ́nà tí ó da àlàáfíà rú, tí aláṣẹ sì ti ka ìkéde ọba sí wọn létí, wákàtí kan ni wọ́n ní láti fi túká. Ẹni tí kò bá lọ, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi dí i. Ní Nàìjíríà, iye náà wálẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ilẹ̀ gúúsù ń lò, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Criminal Code, kò béèrè ju ènìyàn 3 lọ kí àpéjọ tó di èyí tí kò bófin mu, irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ 'riot'. Ṣùgbọ́n Penal Code, tí ilẹ̀ Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960, tí ó sì dé Ìlọrin nítorí pé ara Àríwá ni Ìlọrin wà nígbà náà, ènìyàn 5 ni ó béèrè. Nípa bẹ́ẹ̀, ènìyàn 4 tí wọ́n fi ìbínú kóra jọ ní Ìbàdàn ti tó ohun tí ọlọ́pàá lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Bí wọ́n bá ṣe ohun kan náà ní Ìlọrin, ó ṣì ku ẹnì kan. Iye orí, ète tí wọ́n jọ ní, àti ìdàrúdàpọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni òfin ń béèrè. Kò béèrè bóyá ohun tí ó ń dun wọ́n tọ́. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí fún amòfin, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òpìtàn àti lámèyítọ́ bá yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ amòfin, tí wọn kò sì dá a padà.

Rògbòdìyàn àti ọ̀tẹ̀

Bí a bá yẹ gírámà rògbòdìyàn wò, yóò hàn gbangba ìdí tí ó fi rọrùn fún aláṣẹ láti lò. Rògbòdìyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àjàkálẹ̀ àrùn ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Lóòótọ́ ni pé ìjà àti ogun náà máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń béèrè ẹni. Ènìyàn ń ja ogun. Ènìyàn ń bá ẹlòmíràn jà. 'Ará Ìsẹ́yìn bá ìjọba jà' dùn ún gbọ́, ó sì yé ẹnikẹ́ni. 'Ará Ìsẹ́yìn bá ìjọba rògbòdìyàn' kì í ṣe Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àyè fún ẹnì kejì. Ibi kan ṣoṣo tí ó ti gba ẹni mọ́ra ni inú gbólóhùn 'ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀', ẹni tí gbólóhùn yìí sì ń tọ́ka sí ni ẹni tí wọ́n ń wá láti mú. Rúkèrúdò sàn jù ú lọ díẹ̀, nítorí pé rírú wà nínú rẹ̀ gbangba, ẹni tí ó gbọ́ ọ sì lè béèrè pé ta ni ó rú òkè, ta ni ó rú odò. Síbẹ̀ kò sọ ohun tí wọ́n rú u fún.

Ọ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ kún fún ìtumọ̀, bóyá ó tilẹ̀ kún jù. Dídì ni Yorùbá ń di ọ̀tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń di rìkíṣí, tí wọ́n sì ń dìmọ̀ pọ̀ lórí ẹnì kan. Ohun tí wọ́n bá dì, inú ni ó wà. Ẹni tí wọ́n dì í sí kò gbọdọ̀ rí i títí àkókò yóò fi pé. Ìdí nìyí tí ìdìtẹ̀gbàjọba fi bá ohun tí àwọn ọmọ ogun ṣe ní 1966 mu rẹ́gí. Yàtọ̀ sí ti ìkọ̀kọ̀, ọ̀tẹ̀ tún ń béèrè ìgbọ́ràn tí ó ti wà tẹ́lẹ̀: ẹni tí kò jẹ ẹnì kan ní ìgbọ́ràn kò lè dìtẹ̀ sí i. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá pe ìjà àwọn ará ìlú ní ọ̀tẹ̀ ti dá ẹjọ́ méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Ó ti sọ pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ti sọ pé aláṣẹ náà ni ó ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gbangba ọjà ni ọ̀pọ̀ ìjà mẹ̀kúnnù ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ránṣẹ́, tí wọ́n ti bẹ̀bẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn.

Orúkọ láti ẹnu àwọn tí ó jà

Ẹ̀rí wà pé àwọn tí ọ̀ràn kàn kì í sábà lo ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí fún ara wọn. Ní 1914 ni Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira wọn sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1918 ni owó orí tuntun dé bá wọn, lórí iṣẹ́ àfipáṣe àti owó ìtanràn tí ó ti wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ará oko Ẹ̀gbá hú ojú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù, wọ́n sì pa Ọṣilẹ̀. Ìjọba fi ọmọ ogun lé wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú. Inú ìwé ìjọba, 'rising' tàbí 'disturbance' ni. Lẹ́nu àwọn Ẹ̀gbá, Ogun Adubi ni, orúkọ yìí ni ó sì borí. Ohun tí ó wà nínú pípè tí wọ́n pè é ní ogun ni pé ìlú kan àti ìjọba àjèjì ni ó dojú kọ ara wọn. Kò sí ọlọ̀tẹ̀ nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́gun wà, àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun sì wà.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò àti Ìbíbíò ní 1929. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 'Aba Riots' ni ìwé ilé-ìwé ń pè é. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀ ọ́ sí 'disturbances', bí ẹni pé ariwo lásán ni ó da oorun aláṣẹ láàmú. Ó lé ní 50 obìnrin tí ìbọn pa. Àwọn obìnrin náà fúnra wọn pè é ní Ọgụ Ụmụnwanyị, ìyẹn ogun àwọn obìnrin, àwọn òpìtàn ọmọ Nàìjíríà kan sì ti fi orúkọ yìí rọ́pò ti ìjọba nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì wọn. Bí èyí bá ṣeé ṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣòro láti rí àwáwí fún ẹni tí ń kọ Yorùbá. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé ìjà àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú rẹ̀, tí ó sì mú kí Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949, kò fi bẹ́ẹ̀ gba orúkọ 'riot'. Ó ṣeé ṣe kí ìdí rẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara. Ẹni tí ó mú kálámù lọ́wọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun sọ ara òun lórúkọ.

Lórí ti Ìsẹ́yìn àti Òkèihò ní 1916, àríwísí díẹ̀ tọ́ sí ọ̀gbẹ́ni Atanda, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1969 ni ó la ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ọ̀ràn náà. 'Rising' ni ó pè é, kò sì ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti jẹ́ ìlọsíwájú lórí 'riot': ẹni tí ó dìde ní ẹsẹ̀, ó sì ní ìdí tí ó fi dìde. Ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ tí ìjọba Lugard gbé kalẹ̀ àti agbára tuntun tí ó bọ́ sọ́wọ́ Aláàfin wà lára ohun tí ó bí àwọn ènìyàn náà nínú. Ṣùgbọ́n dídìde kò sọ ẹni tí wọ́n dìde sí. Atanda mọ èyí, nítorí náà ni ó ṣe fi àlàyé kún àkọlé rẹ̀ pé ìforígbárí ni. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àlàyé yìí ni ó yẹ kí ó jókòó sí ipò orúkọ.

Orúkọ tí ó pé jù lọ nínú gbogbo wọn ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ fún ara wọn ní 1968 àti 1969. Àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé 'tax riots' ni. Ṣùgbọ́n Àgbẹ́kọ̀yà kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ lásán. Gbólóhùn odindi ni wọ́n sún kì: àgbẹ̀ kọ ìyà. Olùwà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wà níbẹ̀, àbọ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ náà ti mọ ẹni tí ó ṣe é, ohun tí ó ṣe, àti ohun tí ó ṣe é sí, kí ẹnikẹ́ni tó ka ìròyìn kankan fún un. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀, owó orí náà ti wálẹ̀ sí pọ́ùn 2. Gbogbo ohun tí rògbòdìyàn fi pamọ́ ni Àgbẹ́kọ̀yà sọ síta. Kò jọ pé onímọ̀ èdè kankan ni ó jókòó ṣe ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí ọwọ́ wọn dọ̀tí fún ebè ni ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orúkọ tí ó bá ti ẹnu ará ìlú wá ní láti dára. Wẹ́tíẹ̀, tí ó gba gbogbo ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá 1965, láti ẹnu ará ìlú ni ó ti wá pẹ̀lú. Rírin ènìyàn tàbí ilé pẹ̀lú epo bẹntiróòlù kí wọ́n tó ṣáná sí i ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì ní ẹni tí wọ́n ṣe é sí, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ìdí. Ìbò tí wọ́n jí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Iná nìkan ni ó kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe ìyẹn ní ìjà òmìnira ń ṣe àbòsí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní oṣù kẹwàá 2020. Ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lòdì sí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS jẹ́ ọ̀tọ̀. Kíkó tí àwọn kan kó ẹrù ilé ìtajà àti ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ ìrànwọ́ ní Ìlọrin lẹ́yìn náà jẹ́ ọ̀tọ̀. Akọ̀ròyìn tí ó bá fi rògbòdìyàn bo méjèèjì ti jẹ oníwọ̀ọ́de níyà, ó sì ti bo olè láṣìírí. Ìbéèrè náà ni pé kí orúkọ tẹ̀lé ìwádìí, kí ó má ṣe ṣáájú rẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ wa ti fi ọgbọ́n ju àwọn òpìtàn lọ nínú èyí. Nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tí ó jáde ní 1969, ọdún kan náà tí ọ̀ràn Àgbẹ́kọ̀yà gbóná jù, Adébáyọ̀ Fálétí sọ ìtàn bí àwọn tí ó wà lábẹ́ Olúmokò ṣe kọ ìsìn. Nígbà tí Ọlá Balógun sọ ìtàn náà di fíìmù ní 1979, tí Adé Afọláyan, ọmọ Àgbàmú ní ìpínlẹ̀ Kwara, sì kópa nínú rẹ̀, Ìjà Òmìnira ni wọ́n pè é. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ dá a lábàá pé kí wọ́n pè é ní Ọ̀tẹ̀. Nínú Baṣọ̀run Gáà, eré onítàn tí Fálétí kan náà tẹ̀ jáde ní 1972, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1774 ni ó ń jùwe: àwọn ará ìlú káàkiri dìde lọ́jọ́ kan, wọ́n pa àwọn ọmọ Gáà, wọ́n sì dáná sun òun fúnra rẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti pète èyí, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn ju ti Ìsẹ́yìn lọ fíìfíì. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ti ìkọ̀kọ̀ àti ìṣìkàpa nìkan ni, òun gan-an ni ó yẹ ní ọ̀tẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ìwé kan tí ó pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé Aláàfin Abíọ́dún ni ó ránṣẹ́, òun ni ó sì ṣẹ́gun.

Ìlọrin

Kò sí ìlú tí ọ̀ràn yìí kàn tó Ìlọrin, nítorí pé inú ìyapa pẹ̀lú Ọ̀yọ́ ni ìlú náà ti di ohun tí ó dà. Nígbà tí àwọn ìjòyè àti Àfọ̀njá Kakaǹfò kẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ọ̀tẹ̀ ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu jù ú lọ. Wọ́n jẹ Aláàfin ní ìgbọ́ràn, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ti pète rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹrú tí ó jẹ́ Hausa àti Mùsùlùmí mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ní 1817 láti wá dúró ti Àfọ̀njá àti Àlímì ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yí padà. Samuel Johnson kọ ìtàn wọn gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọlọ̀tẹ̀ àti ọlọ́ṣà. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson, ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 sì ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìtàn Yorùbá, títí kan àwọn ọmọ Ìlọrin. Ẹrú kò di ọlọ̀tẹ̀ àfi bí ẹni tí ń sọ ìtàn rẹ̀ bá ti gbà pé ó tọ́ kí ó jẹ́ ẹrú. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń jẹ́ ni Jàmáà, ọ̀rọ̀ tí ó gba inú èdè Lárúbáwá àti Hausa wá, tí ó túmọ̀ sí ìjọ tàbí àwùjọ ènìyàn. Johnson kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣàpèjúwe òrùka tí wọ́n ń fi kí ara wọn. Àmọ́ kò jẹ́ kí orúkọ náà sọ tẹnu rẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí Ìlọrin, àwùjọ olùkírun ni jàmáà ṣì ń jẹ́ dòní.

Ìwà ipá tí àwọn Jàmáà hù sí àwọn ará ìletò kò ṣeé fi pamọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í pamọ́. Èyí tí ó pa Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí 1823 sí 1824 kò yọ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun tí ó tẹ̀lé e kó àwọn Yorùbá gan-an lẹ́rú, ó sì gbé àwọn kan nínú wọn dé Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó, gbé ìjà dìde ní ìlú Salvador. Ní èdè Potogí, 'Revolta dos Malês' ni orúkọ rẹ̀. Apá kan orúkọ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ aláṣẹ. Ìkejì, Malê, ni ìmàle tí ó ti ẹnu Yorùbá dé ọ̀hún. João José Reis, tí ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1986, kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi rọ́pò rẹ̀.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni Ìlọrin Tálákà Parapọ̀. Ẹgbẹ́ yìí dìde ní àárín ọdún 1950 sí 1960 láti tako owó orí àti agbára àwọn olórí àgbègbè. Ó bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pọ̀, ó sì borí nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlọrin ní 1956. C. S. Whitaker kọ nípa rẹ̀ ní kíkún nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1970. Àwọn kan ń túmọ̀ orúkọ náà sí ẹgbẹ́ àwọn òtòṣì, èyí kò sì péye. Ní èdè Hausa tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, tálákà ni ẹni tí kò sí nínú ìdílé oyè, ìbáà lówó, ìbáà má lówó. Ìlọrin, tí ó gbọ́ Hausa, tí Gàmbàrí sì ní Balógun tirẹ̀ níbẹ̀, kò tíì sọ ìtumọ̀ yìí nù nígbà náà bí àwọn Yorùbá ìsàlẹ̀ ti sọ ọ́ nù. Nítorí náà, kì í ṣe àìní nìkan ni orúkọ náà ń ké. Ó ń sọ ẹni tí ó ń jọba àti ẹni tí wọ́n ń jọba lé lórí. Parapọ̀ sì jẹ́ òdìkejì dìtẹ̀: dídìtẹ̀ wà nínú ìkọ̀kọ̀, àwọn tí ó parapọ̀ sì ń fẹ́ kí a kà wọ́n. Wọ́n sì kà wọ́n nínú àpótí ìbò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba Kàdúná tú ìgbìmọ̀ náà ká. Nítorí pé ìbò ni wọ́n fi jà, ẹni tí ó bá ń wá ìjà mẹ̀kúnnù lábẹ́ 'riot' nínú àwọn ìwé atọ́ka kò ní bá a pàdé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bá a lábẹ́ 'rebellion'. Lábẹ́ 'ìṣèlú ẹgbẹ́' ni yóò ti rí i, láàárín orúkọ àwọn tí ó wọlé ìbò àti àwọn tí kò wọlé.